Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Mi Lọ Sọ Níwájú Adájọ́

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo lérò pé ara yín ti le, pé orúnkún yín sì ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ nílé wa láti oṣù tó kọjá.

Ẹ ti gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ọmọ mi gbé mọ́tò oníbàárà jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ mo ti tú bíréékì rẹ̀ sílẹ̀ láti tún un ṣe. Ó kọlu télọ̀ àdúgbò wa, ẹsẹ̀ télọ̀ náà kán. Ẹ̀gbẹ́ télọ̀ náà ni ọlọ́pàá ti bá ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ọmọbìnrin náà, tó ń fi gèlè di ẹsẹ̀ fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún ni, nítorí náà òfin kà á sí àgbà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló ń wò ó lójú, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹ ò tíì gbọ́ rèé. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tí mo sùn sí lábẹ́ mọ́tò kan tí mo ń tún ṣe, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo wà á. Mo sá lọ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Mo ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wa ń pariwo pé 'wà á, wà á', mi ò ronú rárá. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ro eléyìí." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún!

Òun fúnra rẹ̀ ló múra lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kejì. Tìbínútìbínú ni mo fi tẹ̀ lé e, gíríìsì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìkálòlò, wọ́n sì tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sí kóòtù ọmọdé. Adájọ́ ibẹ̀ ní ìdí tí òfin fi ya kóòtù ọmọdé sọ́tọ̀ nìyí: nínú ariwo ẹgbẹ́, ọmọdé lọmọdé ń jẹ́, bó bá ráyè ronú, ó lè gbọ́n ju àgbà mìíràn lọ. Mo dojú bolẹ̀. Síbẹ̀ orí mi wú, mo sunkún ní gbangba.

Ìjìyà rẹ̀ ni kó máa ṣiṣẹ́ ilé fún télọ̀ náà ní gbogbo Sátidé, títí ẹsẹ̀ onítọ̀hún yóò fi san. Wọ́n wá fún mi ní ìwé kan kí n buwọ́ lù ú, gẹ́gẹ́ bí àgbà tí yóò máa kọ́ ọmọ náà bí a ti ń ṣe ìpinnu tó tọ́. Mo di bírò mú, ọwọ́ mi kò lọ. Ọmọ mi tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ buwọ́ lù ú. A jọ máa kọ́ ọ ni."

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí àwọn ọmọ wa máa dára jù wá lọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Ìyá Mẹkáníìkì.

Mo fẹ́ gbàgbé: mọ́tò tí ẹ ní ẹ máa fi kọ́ ọmọ náà ní wíwà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì tì í pa. Ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì dé ìdí sítíárìn.