Mú Èyí Tí Kò Ní Dí Ọ Lẹ́nu

Adéjùmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀, mo kí ọ bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Àǹtí rẹ Kúnbi ní Òkòtà tó ń nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Olúwa tó mú ọ dé Ìsọlọ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ojú àlejò ṣú ọ. Bá mi kí àǹtí rẹ, sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ṣé gan-an, aṣọ òtútù tó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ dára, àfi pé ó ti fẹ̀ jù báyìí, ara tó wà nínú rẹ̀ ló dín kù.

Àjàmú, awakọ̀ tó ń ná Òṣòdì, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Òun náà bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ sínú fóònù kó dé lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ ló wà nínú fóònù yẹn, bí mo bá tún lọ da ohùn tèmi lé e, ohùn tó há débi pé àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n máa jókòó sẹ́yìn, ṣé tìrẹ ò ní bàjẹ́?

Nílé ńkọ́, ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé ilé ìdáná. Ìyá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹnu rẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ tó ń mu tẹ́lẹ̀ náà sì ti ń há a lọ́fun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wò ó, ó tún wo èmi náà, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé, kí n fún un ní ohunkóhun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Inú mi dùn. Ìwọ náà mọ àwọn dókítà, èèwọ̀ ni wọ́n máa ń kà fúnni, má jẹ iyọ̀, má jẹ ẹran, ṣùgbọ́n eléyìí kò ka èèwọ̀ kankan rárá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọ kékeré ni o. Ṣe ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ohun èlò orin tí tíṣà yín ní kí oníkálukú yan. Mo rí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ tí o ní Màámi, ẹ káàárọ̀, fèrè rèé, èmi náà ní káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí. O ò dáhùn. Mo tún un béèrè, o kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè mọ́ mi lójú. Mo ní há à, Èkó ti ba ọmọ yìí jẹ́! Ìyá Ọlánípẹ̀kun aládùúgbò wa ló là á yé mi pé ohùn tí wọ́n gbà pa mọ́ ni, ó ní ẹnu, kò ní etí. Fayolíìnì yẹn ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi igi fà, nígbà tó ké, mo rò pé wọ́n ń nà ọ́ ni. Mo pariwo mọ́ Kúnbi pé kó fi ọmọ mi sílẹ̀.

O ní fèrè lo fẹ́. O ní bí o bá la ẹnu ní kíláàsì tí o pe ilé ní ulé bí a ṣe ń pè é níbí, ọmọ kan tó ń jẹ́ Jennifer á máa sín ọ jẹ, gbogbo wọn á sì máa rẹ́rìn-ín, àti pé ìwọ nìkan lo ń jókòó nígbà tí wọ́n bá lọ jẹun. O ní ẹni tó bá ń fọn fèrè, kò sẹ́ni tí yóò ní kó sọ̀rọ̀. Mo rò ó, mo ní òótọ́ ni, fèrè náà kò kúkú wúwo.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló bí ọ, ó yẹ kó dá sí i, dókítà sì ti ní kí n fún un ní ohun tó bá fẹ́. Mo gbé fóònù sí i létí. O ní Màámi, ẹ káàárọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbéra sókè. Mo ní ó tán, fèrè ló mú. Bí fèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, apá já bọ́. Mo tẹ gìtá. O tún kí i, apá gòkè. Gìtá dún, apá wálẹ̀. Ti fayolíìnì náà rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sẹ́bàá ẹní rẹ̀, mo rò ó títí. Kò mú ìkankan nínú wọn. Ohùn rẹ tó máa ń ṣáájú wọn ló mú.

Ni mo bá tún gbé àwọn àwòrán náà wò. Fèrè ń dí ẹnu. Fayolíìnì, àgbọ̀n ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọmọ inú àwòrán yẹn ṣe ojú bí ẹni tí eyín ń dùn. Gìtá nìkan ni wọ́n gbé kọ́ ọrùn tí ẹnu sì ráyè. Gìtá ni kí o mú. Máa ta á, kí o sì máa kọrin sí i, ulé ni kí o máa pè é, kí Jennifer rẹ́rìn-ín títí inú fi máa run ún. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ ní ulé yẹn, kò lè pè é mọ́ báyìí. Bí ìwọ náà bá gbé e mì, tiwa bá wa.

Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Ohùn rẹ tó wà nínú fóònù ti ń tán. Mo ń ṣọ́ ọ ná o, àràárọ̀ nìkan ni mo ń tẹ̀ ẹ́, bí mo bá sì gbé e lọ gba iná ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, mo máa ń jókòó tì í kí ohùn má baà jò. Ìyá Ọlánípẹ̀kun fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ṣé ọṣẹ ni ohùn tí yóò fi máa yọ́? Mo ní kó bojú wo ìyá rẹ lórí ẹní, ẹni tó máa ń pè mí láti ilé tí mo máa ń gbọ́ lóko, ibo ni ohùn yẹn wà? Lọ́jọ́ tí o fi tìrẹ ránṣẹ́, gbogbo apá ló gbé sókè. Nígbà tó yá, ó ku ọwọ́. Láàárọ̀ yìí ìka kan ló mì, kò la ojú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohùn náà ti ṣá.

Torí náà, kí o tó mú gìtá, fi ohùn tuntun ránṣẹ́. Má jẹ́ kí nǹkan kan dún tẹ̀ lé e. Pè é ní Màámi, pè é kó ki dáadáa. Ní kí Kúnbi fi owó káàdì ránṣẹ́, wọ́n ní ohùn kì í kọjá Òṣòdì láìsí owó, kó sì fi ti ìledìí ìyá rẹ kún un.

Ẹnu rẹ kò ní wọmi, ọmọ mi. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ rẹ́rìn-ín ni yóò máa bẹ̀ ọ́ pé kí o tún un sọ. Wàá jẹun láàárín ẹgbẹ́. Má pẹ́ o. Mi ò ní tẹ èyí tó kù mọ́, mo ti pa fóònù, mo fi aṣọ wé e sábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ, kó má baà tán kí tuntun tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀wálé.