Hóró Pupa Ti Kẹ́hìndé

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹwàá, 1973. Igbó-Ọrà

Inú ìwé ni n ó máa sọ ọ́ sí. Bí mo bá sọ ọ́ nínú ilé, ẹkún ni yóò dà.

Ikọ́ ife tó mú ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé ti wọ ọdún kejì. Abẹ́rẹ́ ti gún un títí ìdí rẹ̀ fi le. Hóró funfun náà, ó gbé e mì títí ó fi sú u. Ó kàn ń rù sí i ni. Lónìí Olójú-Mẹ́rin (Dókítà Fọlábí, nítorí dígí ojú rẹ̀) là á mọ́lẹ̀: kòkòrò tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti mọ àwọn oògùn àtijọ́, kò bẹ̀rù wọn mọ́. Tuntun kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Tíṣà, bí èyí náà bá kọ̀, mi ò ní òmíràn lọ́wọ́ o.”

Màmá ní Olúwa ò ní jẹ́. Èmi ò lè ṣe àmín. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹwàá

Oògùn dé. Hóró pupa. Méjì láràárọ̀ kó tó fẹnu kan oúnjẹ, pẹ̀lú hóró kíkorò kan tó ń bá a rìn. Ìtọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n, òógùn rẹ̀ náà, títí kan omijé. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, kí a má sá. Kí a má fo ọjọ́ kan, kí a má dín in. Olójú-Mẹ́rin ní ẹni tó bá fún kòkòrò yìí ní ìlàjì oògùn ń kọ́ ọ ní ìjà ni. Bí òun bá sì gbọ́ pé a ṣe é ṣákálá, òun á gbà á fún ẹlòmíràn tó ń retí rẹ̀.

Màmá ní àwọn ni yóò máa fún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó jí ni mo ti ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹwàá

Ìtọ̀ pọ́n lóòótọ́. Ikọ́ ò dín.

Mo tún bá Táyé jà. Ẹni tí ara rẹ̀ le, orí ẹní kan náà ló ń bá Kẹ́hìndé sùn, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Mo ní kó lọ sùn sí pálọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì! Ta ló fi ọ́ ṣe ẹ̀gbọ́n wa?” Alágídí ni wọ́n ń pe èmi.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kọkànlá

Ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, Táyé sunkún. Ó fi áńkáṣíìfù funfun nujú.

Ó pọ́n. Áńkáṣíìfù yẹn pọ́n!

Mi ò gbọ́ ìwàásù kankan mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kọkànlá

Mi ò lọ sí ilé ìwé. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá bu omi, wọ́n fún Kẹ́hìndé ní hóró pupa kan, wọ́n fún Táyé ní kan. Hóró kíkorò náà, wọ́n fi eyín gé e sí méjì.

Mo figbe ta. Màmá ò tilẹ̀ bẹ̀rù. “Láti ìjọ́ tí mo ti bí wọn, ìgbà wo lo rí i tí mo fún ọ̀kan ní nǹkan tí mo fọwọ́ òfo lu èkejì nídìí? Kí èyí tí n ò fún wá bínú lọ mọ́ mi lọ́wọ́?”

Ìyá ìbejì wo ní Igbó-Ọrà yìí ni yóò ṣe é lọ́nà mìíràn? Bùbá kan kò wọ ilé wa rí láìjẹ́ pé èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo gba ìgò oògùn. Táyé ní, “Nítorí Màmá ni mo ṣe ń gbà á. Kò kúkú dùn.”

Mi ò ní sọ fún Olójú-Mẹ́rin. Yóò gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kọkànlá

Méjèèjì wọ ọ̀fun Kẹ́hìndé. Mo ní kó yanu kí n wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kọkànlá

Kẹ́hìndé bu oúnjẹ kún oúnjẹ! Ikọ́ ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní irun mi rí wúruwùru, kí n lọ dì í. Ẹni tó ń kú lọ kì í bú irun ẹlòmíràn. Mo jó díẹ̀ lẹ́yìn ilé, èmi nìkan. Màmá ò tíì máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejìlá

Táyé ń wúkọ́. Màmá ní ọyẹ́ ni. Mo wo inú abọ́ eérú tó ń tutọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀. Ọyẹ́ kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Àìsàn kan náà ni. Olójú-Mẹ́rin na ọwọ́ sí hóró pupa, ó wá dúró. “Ṣé èyí ti kan ẹnu rẹ̀ rí?”

Màmá ń wolẹ̀. Bí mo bá ní rárá, oògùn tí kò ní ràn án ni yóò gbà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ti Kẹ́hìndé lè lọ.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ì bá tilẹ̀ jágbe mọ́ mi. Ó ní ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti Táyé ti kọ́ oògùn yìí lára ìlàjì tó ń jẹ. Àfi Ìbàdàn, kí wọ́n wá ohun tó lè pa á, bí ó bá wà. Kò gba ti Kẹ́hìndé. “Tíṣà, ká ní ẹ ti sọ fún mi nígbà náà ni…”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejìlá

Táyé wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ.

Kẹ́hìndé di hóró méjèèjì mọ́wọ́. Ó ní ìgbà tí Táyé bá rí tirẹ̀ jẹ lòun yóò jẹ tòun. Mo jágbe. Mo bẹ̀bẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n fipá ya ẹnu rẹ̀.

Màmá jáde láti inú yàrá. Mo rò pé wọn yóò gbè é lẹ́yìn ni. Wọ́n kúnlẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí. “Kẹ́hìndé, mo fi ọyàn tí o mu bẹ̀ ọ́. Dá a jẹ. Má fún ẹnikẹ́ni.”

“Màmá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!” Ó sọ méjèèjì sẹ́nu, kò dúró mu omi.

Màmá ò tètè dìde.