Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Túmọ̀ fún Fadá

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé wa ní Olówógbowó ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Kìkì pé àbúrò mi kun yàrá yín ní ọ̀dà, ó ní òórùn oògùn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni mi ò ti débẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀?

Mo ń rántí àwọn Sátidé yín. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́ tán, ẹ kì í gba inú ọjà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà mú yín bínú kí ẹ tó gba Ara Kristi lọ́jọ́ Àìkú. Èmi lẹ máa ń rán lọ sọ́dọ̀ aláta, pé bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí owó, kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn tèmi. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ẹ ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìjẹ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tí mo ṣe burú.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, wọ́n ti gbé Fadá àgbà kúrò ní ìjọ wa. Fadá kékeré tó wá fi òróró yàn yín, ọmọ Ìgbò ni, kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó ní kò pọn dandan kí òun gbọ́ ọ, kí ẹ ṣáà bá Ọlọ́run sọ ọ́ lédè yín. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Etí Fadá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, èmi ni n ó sì ṣe ògbufọ̀. Fadá kìlọ̀ fún mi pé èdìdì àṣírí ìjẹ́wọ́ tó wà lẹ́nu òun ti wà lẹ́nu èmi náà, títí n ó fi kú. Nítorí náà, mi ò ní kọ ohun tí ẹ sọ síhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí.

Ó pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́ tán. Ẹ wá di ọwọ́ mi mú.

"Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ni kó o sọ ọ́ o. Má bù ú kù."

Fadá wò mí. "Wetin Mama talk?"

Mo ní ẹ sọ pé ẹ ti pa Mísà jẹ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí orúnkún tó ń dùn yín.

Kí ló ṣe mí, Màmá? Mo sọ fún ara mi pé orúkọ yín ni mò ń bò. Irọ́ ni. Iwájú Fadá yẹn ni mo ti ń kọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ara mi ni mò ń rò. Ó ní kí ẹ ka Mo Kí Ọ Màríà ẹyọ kan, ó sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì yín. Ẹnu yà yín. Ẹ bi mí bóyá ẹyọ kan ṣoṣo lóòótọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bú sẹ́kún ayọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ pé àánú Ọlọ́run pọ̀ tó báyìí, ẹ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ lọ. Ṣé ẹ ti wá mọ̀ níbi tí ẹ wà? Ṣé inú ń bí yín sí mi?

Ní Sátidé tó kọjá yẹn, mo sọdá afárá lọ bá Fadá mìíràn, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀ nípa tiyín, Ọlọ́run ò nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ yín. Tèmi ló kù. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú Sákírámẹ́ntì Mímọ́, kí n parí iṣẹ́ tí ẹ rán mi, fún Ọlọ́run nìkan, kí ẹlòmíràn má gbọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí ẹ sọ pátá. Mo ń retí kí ojú tì mí, ojú ò tì mí. Ẹkún ló gbà mí. Ẹrù tí ẹ dá gbé láti ìgbà èwe yín, ọjọ́ kan péré lẹ ní kí ẹnìkan bá yín gbé e. Èmi ọmọ yín jù ú sílẹ̀, mo sì jókòó gba ọpẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín.