Imú Màmá Pesya

Jọ́pà,
Ọjọ́ Àìkú.

Noga, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le bí ara tiwa ṣe le níbí, àfi ẹ̀yìn tó ń dun bàbá rẹ. Ó tún dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ gbé, bí ẹni pé ọmọ ogún ọdún ni.

Wọ́n ti ṣí ìpàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Háífà. Àwọn tó gbẹ́ sára pákó tó sì tẹ̀ sórí bébà ni wọ́n ní kó kó wá. Ó kó ti Màmá Pesya tó ń gbé lókè wa mọ́ ọn. Noga, imú tó gbẹ́ fún obìnrin yẹn! Ìdajì bébà ló gbà. Mo ní, "Elkana, ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn?" Ó ní, "Ta ló máa sọ fún wọn? Háífà jìnnà."

Ọmọ àbúrò wọn tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Háífà ló sọ fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìṣíde, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, oòrùn ò sì ràn. Mo ní, "Ibo lẹ ń lọ, Màmá?" Wọ́n ní, "Mò ń lọ fa imú mi ya." Bọ́ọ̀sì kan náà la jọ wọ̀. Bàbá rẹ díbọ́n pé òun ń sùn títí a fi dé.

Nígbà tí a wọlé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣàlàyé pé imú yẹn dúró fún ìyà gbogbo ìran wa. Màmá Pesya fi agboòrùn tì í sẹ́yìn. "Ìyà wo? Yàgò fún mi!" Wọ́n gbójú sókè wo àwòrán náà.

Bàbá rẹ sáré bọ́ síwájú. "Ẹ má bínú, Màmá, ọ̀bẹ ló ṣì mí lọ́wọ́."

"Dákẹ́. Èmi kọ́ nìyí. Imú tèmi yà sọ́tùn-ún. Èyí yà sósì bíi ti ìyá mi. Ìyá mi nìyí."

Bàbá rẹ ti gbàgbé pé ohun tí èèyàn bá gbẹ́ sára pákó máa ń yí padà tó bá dórí bébà, ọ̀tún á di òsì. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà ogun, Màmá Pesya ò ní fọ́tò ìyá wọn kankan. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n sún mọ́ wa láti wò ó dáadáa, ni wọ́n bá tún gbé agboòrùn sókè: "Rọra! Ìyá mi lò ń mí sí lójú yẹn!" Bàbá rẹ já àwòrán náà lára ògiri, ó gbé e fún wọn. Àwọn tó ni ìpàtẹ pariwo títí.

Láàárọ̀ yìí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá. "Elkana, ó ku bàbá mi. Etí rẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀." Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mò ń gbọ́ wọn: "Ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣáà máa gbẹ́ ẹ lọ!" Bàbá rẹ ní pákó ti tán. Wọ́n ní kó kan òmíràn mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run àwọn bàbá wa máa ṣọ́ ọ, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rín máa sọ nínú ilé rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Tirtza.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: má fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ sílé lásìkò yìí. Bàbá rẹ ń wá ojú tuntun tí yóò gbẹ́, àtàná ni mo sì ti ń sá fún un.