Orúkọ Tí Màámi Pè Lábẹ́ Igi

Ojúlé 2417, Pinefield Court,
Tucker, Georgia,
U.S.A.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kejì, 2025.

Babáfẹ́mi, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó ṣẹ́ lọ́jọ́sí, ṣé kì í dùn ọ́ mọ́? Ẹ kú ooru Ẹ̀jìgbò o. Òtútù ni tiwa níbí, àmọ́ ara le. Màámi náà wà dáadáa, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ mi méjì léra wọn.

Inú ń bí mi sí ọ. Má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Màámi ti dé lóṣù Kọkànlá, orúkọ rẹ ni mo fi ń jẹun nínú ilé tèmi. Bí mo bá se ẹ̀wà, wọ́n á ní ti Babáfẹ́mi máa ń rọ̀ jù báyìí lọ. Èmi ọlọ́mọ mẹ́ta, mò ń jowú àbúrò mi!

Igi oak kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ti gbẹ, ó sì nà dé orí yàrá tí Màámi ń sùn. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń rẹ́ ẹ̀ka igi níbí, torí ewé ti rẹ̀ dànù tán, èèyàn á sì rí èyí tó ti kú kedere. Mo ní mà á gé e ní Sátidé. Nígbà tí ọjọ́ pé, Tóyìn ìyàwó mi pè mí láti ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́: "Jọ̀ọ́, wait for me, mo máa close by two. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ladder yẹn mú o." Mo fẹ́ dúró, àfi bí Màámi ṣe yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ní ká ní Babáfẹ́mi ni, ì bá ti gé e tán láti àárọ̀.

Mo gbé àkàsọ̀, mo gùn ún. Ìrì dídì ṣì wà lára igi. Bí a ṣe máa ń gé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ṣe gé e, láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ka yẹn ò tíì já tán tó fi fà ya, ó fì, ó sì gbá àkàsọ̀ dànù lẹ́sẹ̀ mi. Mo wá ń rọ̀ dirodiro lára igi. Màámi sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n káwọ́ lérí: "Yéè! Babáfẹ́mi o! Babáfẹ́mi!"

Jonah aládùúgbò wa ló gbé àkàsọ̀ dìde tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ó bá mi wí dáadáa pé mo dá gun igi. Òun náà ló dúró sílẹ̀, tó fi ayùn ọlọ́wọ́ gígùn parí iṣẹ́: ó kọ́kọ́ rẹ́ ẹ díẹ̀ láti abẹ́, kó tó wá rẹ́ ẹ láti òkè, ẹ̀ka sì bọ́ láìya igi lára.

Apá mi kàn bó ni. Orúkọ yẹn ló dùn mí. Èmi ni mo fẹ́ kú, ìwọ ni wọ́n ń pè! Mo bi Màámi pé kí ló dé, nígbà tí wọ́n ń fi omi gbígbóná nu apá mi. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí o já bọ́ lórí máńgòrò tí ẹsẹ̀ rẹ fi ṣẹ́, orúkọ mi làwọn ń pè títí ẹ fi dé ọsibítù. Wọ́n ní ọmọ tí kò sí nítòsí lẹnu àwọn máa ń sáré bá.

Tóyìn ní kí n kí ọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún Fúnkẹ́ ọmọ rẹ pé mo rí àwòrán tó yà.

Babáfẹ́mi, ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ ta ni Màámi pè? Kọ̀wé sí mi kíákíá. Bí kì í bá ṣe tèmi, jọ̀ọ́, ṣáà kọ ọ́ pé tèmi ni.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń jowú rẹ,
Oyèwùmí.