Orúkọ Obìnrin Mìíràn Lára Ọkọ̀ Lyle

27, Wharf Lane,
Tarrow Harbour,
Maine.
18 Oṣù Karùn-ún, 2017.

Corinne, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹsẹ̀ Dennis ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọkọ̀ onígbòkun Lyle náà ni. O rí i nígbà tí ẹ wá, ògbólógbòó ọkọ̀ oní-fáíbà tó dùbúlẹ̀ síwájú ilé wa, tí ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ẹni tó ni ín ti kú, wọ́n ní kí ẹni tó bá lè gbé e máa gbé e lọ. Lyle gbé e, n kò sì gbádùn mọ́. Á máa fi òòlù kékeré gbá a kiri, á máa tẹ́tí. Ibi tí kò bá ti dún dáadáa, ó ní igi tó wà láàárín fáíbà ti jẹrà níbẹ̀, ó sì gé e ṣí. Ó fi ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun mi gbẹ fẹ́ atẹ́gùn sí igi náà títí ẹ̀rọ fi jóná. Ó po oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà sínú abọ́ kéèkì mi, oje sì gan mọ́ ọn tòun ti ṣíbí. Eruku rẹ̀ wọ bẹ́ẹ̀dì wa, gbogbo ara ń yún mi bí ẹni tó sùn sínú wèrèpè.

Mo fara da gbogbo ìyẹn. Orúkọ ni n kò lè fara dà. Rosalind ni wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ náà. Lyle fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tún un kọ, ó tún ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè gbẹ. Mo ní kó yí i padà.

“Èèwọ̀ ni, Ardith. Ẹni tó yí tiẹ̀ padà níbí, òpó ìgbòkun ẹ̀ ṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.”

“Ṣé èmi ò lórúkọ ni?”

“O ní. Ìwọ ni mò ń tún un ṣe fún.”

“Kó o wá máa pe Rosalind lórí rédíò ọkọ̀, kí gbogbo èbúté máa gbọ́.”

Àwọn apẹja ti ń bi mí pé báwo ni orogún mi. Ni mo bá búra pé n kò ní tẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀ náà láéláé. Lyle kò jà. Ó kàn ń rán tìmùtìmù tí yóò gba ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù.

Sátidé ni wọ́n máa gbé ọkọ̀ sómi. Lánàá, opó ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ wá wò ó, màmá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá. Mo gbé kọfí fún un.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ̀yin gan-an ni Rosalind.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Rosalind kẹ̀? Hester lèmi ń jẹ́, ọmọ mi. Ọkọ mi bá orúkọ yẹn lára ẹ̀ ni. Ó ní èèwọ̀ ni, kò yí i.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo búra pé mi ò ní wọ̀ ọ́, mi ò sì wọ̀ ọ́. Ó máa ń dá lọ ni. Tó bá dé, á fẹ́ ròyìn ohun tó rí fún mi, màá ní kó lọ sọ fún Rosalind.” Ó tún wo ọkọ̀ náà. “Nígbà tó yá, kò sọ nǹkan kan fún mi mọ́.”

Corinne, mo kàn bu kọfí kún tirẹ̀.

Bá mi kí Dennis, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Inú ṣì ń bí mi o, orúkọ yẹn ò sì dùn lẹ́nu mi. Àmọ́ má pè mí ní Sátidé. N kò ní sí nílé, èmi àti Lyle jọ ń lọ sójú omi ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ardith