Àdúgbò Wa Ṣófo Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́



Lọ́fíìsì wa n'Ìkẹjà, ọ̀gá fi máàpù Agége hàn wá lára ògiri. Kọ̀ǹpútà ló yà á látinú iye èèyàn tí a lọ kọ sílẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Pupa ni ibi tí èrò pọ̀ sí. Àdúgbò tiwa, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́, funfun báláú.

"Kò sẹ́ni tó ń gbé ibí yìí," ni wọ́n wí. "Ibẹ̀ ni ká gbẹ́ adágún sí, kó máa gba omi òjò gbogbo Agége."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. "Ó dáa, sà" ló jáde lẹ́nu mi.

Èmi ni mo kọ ti àdúgbò náà. Ìyá Sikira tí a jọ ń gbélé ní, "Àǹtí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Àwọn ìyá tó kù náà sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò jiyàn. Bí ìyá tèmi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo fi àyè iye èèyàn sílẹ̀ lófìfo. Kọ̀ǹpútà tí kò níyàá kà á sí pé kò sẹ́nì kankan.

Lọ́túnla ni máàpù náà ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i...

Lọ́la, dandan ni kí n padà lọ ka ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kí n fi ilé tèmi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí. Àwọn ọmọ mi ń jẹun lórí ẹní. Mo fi bírò tọ́ka sí àkọ́bí mi, mo ní, "Ọ̀kan."

Mi ò tíì lè pe èjì.